Ẹja Tó Ń Lúwẹ̀ẹ́ Lára Ògiri

Ara ògiri ilé Màmá Chona ni Amparo ti kọ́kọ́ ya ẹja. Ó yà á sí ìsàlẹ̀ fèrèsé, ẹja àrọ̀ gbọ̀ngbọ̀n kan tó ní irùngbọ̀n gígùn, tó sì so aṣọ ìdáná mọ́dìí gẹ́gẹ́ bí onílé gan-an. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ dúró, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọ̀nà fi há. Màmá Chona fúnra rẹ̀ jáde, ìyẹ̀fun tortilla, àkàrà pẹlẹbẹ wọn, ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Amparo, ṣé èmi lo wá sọ di ẹja báyìí?"

"Ẹ̀yin kọ́ o, Màmá. Ẹja tó wọlé tọ̀ yín wá lọ́jọ́ òjò ni. Ó wá bá yín dáná."

"Irọ́ lò ń pa, èmi nìyí! Ẹ wo ìdí ẹ̀! Ẹ̀yin ará ibí, ẹ wá wo ìdí ẹ̀!"

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bí i kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá.

Àdúgbò El Sauz kò ní gọ́tà. Ní Texas níbẹ̀, ní apá ìwọ̀-oòrùn ìlú, àwọn ọmọ Mexico ti ń gbé láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn, wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti sin òkú, wọ́n ti san owó orí títí ó fi sú wọn. Gọ́tà tó wà lápá òkè, lọ́dọ̀ àwọn olówó, ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó ń gba omi òjò wọn, ó sì ń rọra kó o wá fún El Sauz. Bí òjò bá ti rọ̀ pẹ́, odò Sauz á gbéra, á wọlé láìkan ilẹ̀kùn, bí àlejò tí kò lójútì. Lọ́dún tó kọjá ó wọlé, ó gbé àga, ó gbé adìẹ, ó gbé bàtà ìgbéyàwó Màmá Leocadia lọ, a ò rí bàtà náà mọ́ títí dòní.

Àwọn ará àdúgbò kó ara wọn jọ, wọ́n lọ bá ìgbìmọ̀ ìlú pé kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà fún àwọn. Amparo gbé àwòrán tirẹ̀ dání: ìyá kan tó gbé ọmọ rẹ̀ sórí, tí omi mu ún dé igbáàyà. Ọ̀gbẹ́ni Tuttle, ọmọ ìgbìmọ̀ tí ọ̀rọ̀ ojú pópó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tẹjú mọ́ àwòrán náà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dára gan-an. Ọwọ́ ẹ dáa, obìnrin yìí. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa sọ fún mi pé omi yẹn ò kọjá kókósẹ̀. Àwòrán kì í ṣe ẹ̀rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn há Amparo lọ́fun bí egungun ẹja. Kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ yìí. Oko òwú ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ara àpò òwú ló ti kọ́kọ́ fi èédú yàwòrán. Nígbà tó délé ẹ̀kọ́, olùkọ́ ní kó máa ya òdòdó àti ọsàn, ó yà wọ́n, ó sì ya ọwọ́ ẹni tó ń ká ọsàn náà mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ dìde, tí wọ́n ní Chicano ni àwọn, ọmọ Mexico tí a bí sí Amẹ́ríkà, àwọn ò ní tẹrí ba mọ́, òun ló ya àsíá wọn. Nígbà tí àwọn tó ń ká ẹ̀gúsí bàrà daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù, òun ló ya ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gbogbo òpó. Ọlọ́pàá ti tì í mọ́lé rí nítorí àwòrán. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀, ìyá rẹ̀, Màmá Eduviges, dúró lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá, ó ń kì í ní gbangba láìwo ojú ẹnikẹ́ni:

"Amparo, ọmọ aká-òwú-lóko-olóko,
Ọmọ tó fi èédú kọ̀rọ̀ sára àpò,
Afi-ọ̀dà-bá-alágbára-wí,
A tì í mọ́lé, ògiri ilé náà sọ̀rọ̀.
Ọlọ́run tó fún ẹ lọ́wọ́ kò ní gba ọwọ́ ẹ.
Máa bọ̀ nílé, ẹ̀wà ti jinná."

Nítorí náà, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Tuttle sọ pé òun á fi ojú òun wò ó ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà, kí ìgbìmọ̀ tó dìbò lórí gọ́tà náà, Amparo mọ ohun tí òun máa ṣe. Bí wọn ò bá fún El Sauz ní gọ́tà lọ́dún yìí, ojú ọ̀nà apá òkè ni wọ́n máa fi owó náà tún ṣe, omi á sì tún wọlé. Ó ní lára ilé kọ̀ọ̀kan, níbi tí omi dé lóòótọ́, òun á ya ẹja kan síbẹ̀. Ògiri fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ wọ́ nìyí.

Màmá Leocadia ń gbé ní òdìkejì Màmá Chona. Màmá Chona ló gbé àkọ́bí Leocadia sọ́wọ́ lọ́jọ́ ìrìbọmi, èyí tó sọ wọ́n di ìbátan títí ikú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọge ni wọ́n ti ń bá ara wọn díje. Bí Chona bá se tamale ẹlẹ́ran, ọ̀lẹ̀lẹ̀ àgbàdo wọn, Leocadia á se ẹlẹ́ran àti aládùn. Bí ọmọ Leocadia bá ra mọ́tò, ọmọ Chona á kun tirẹ̀ ní àwọ̀ tuntun. Nígbà tí Leocadia wá rí ẹja lábẹ́ fèrèsé Chona, ó pe Amparo.

"Ṣé omi ilé Chona lẹ ń pè lómi? Ọmọ mi, ìyẹn kàn wẹsẹ̀ fún un ni. Tèmi ńkọ́! Tèmi kọjá fèrèsé! Gbé àkàsọ̀ wá."

Amparo gbé àkàsọ̀ lọ. Ó ya ẹja tó wọ bàtà ìgbéyàwó, ó yà á sókè fèrèsé.

Kò pẹ́ tí Màmá Chona fi ránṣẹ́ pè é padà. "Mo ti ń ronú, ọmọ mi. Ọjọ́ yẹn ẹ̀rù bà mí, mi ò rántí dáadáa. Omi yẹn ga ju báyìí lọ. Ya òmíràn."

Báyìí ni ó ṣe lọ láti ilé dé ilé. Ẹni tó sọ orókùn lánàá, nígbà tó rí tẹni kejì, ó rántí ìbàdí. Ẹni tó sọ ìbàdí rántí ọrùn. Bàbá Wenceslao, arúgbó tó ń tẹ àkọ́díọ̀nù, dùùrù tí wọ́n ń gbé kọ́ àyà, ní òrùlé ni omi bá òun. Òótọ́ ni pé orí òrùlé ló wà lọ́jọ́ náà, tó ń kọrin ìfẹ́ fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo àdúgbò ló rí i. Nítorí náà Amparo gun òkè, ó ya ẹja onífìlà sí abẹ́ òrùlé.

Ṣé kò wá fura ni? Kò fura. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ìyà kì í ṣe aṣọ tí a ń wọ̀n. Ilé tó bá wọ̀, wọ́n á bu ẹ̀wà fún un, wọ́n á bu kọ́fí, wọ́n á ròyìn òjò náà pẹ̀lú omijé àti ẹ̀rín, kó tó parí ẹja kan wọ́n ti pè é sí ìjókòó míì. Ojú rẹ̀ sì wà lára ògiri kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó súnmọ́ erin jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tó fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tán, ìyá rẹ̀ gbé kọ́fí wá bá a ní ìkángun òpópónà. Àwọn méjèèjì yíjú padà, wọ́n wo iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màmá Eduviges fi ìka tọ́ka sí àwọn ẹja náà. Ó wá ní:

"Amparo, irú omi wo nìyí tó ń gun àkàsọ̀?"

Amparo wò ó. Ẹja kan wà nísàlẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e wà lókè fèrèsé, òmíràn wà lábẹ́ òrùlé, òmíràn tún já bọ́ sí orókùn. Wọ́n ń fò sókè sódò bí ọmọ ewúrẹ́. Bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀nà yìí tẹ́ pẹrẹsẹ, ọmọdé mọ̀ pé bí omi bá dúró, ojú rẹ̀ dọ́gba. Amparo fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó ti ń gbọ́ ẹ̀rín Ọ̀gbẹ́ni Tuttle. *Ẹ̀yin wọ̀nyí fẹ́ràn àsọdùn.* Òun fúnra òun ló wá fi ọ̀dà kọ àsọdùn náà sára ilé gbogbo èèyàn.

"Màmá, mo ti bà á jẹ́."

"O ò ba nǹkan kan jẹ́. Mu kọ́fí ẹ. Ọlọ́run kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kó má mọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Sátidé, Amparo kó gbogbo onílé jọ síwájú ilé ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí kálukú sọ òótọ́, kí òun lè tún ẹja yà. Ìjà bẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ lọ sọ ti Leocadia kalẹ̀ ná!" Màmá Chona ní. "Ibi tí ẹja ẹ̀ wà yẹn, ẹyẹ ló ń bá gbé."

"Èmi? Ìwọ tó o yí ohùn padà bí ẹni yí tortilla!"

"Mo rántí ni! Ṣé èèyàn ò lè rántí mọ́?"

"Ẹ má dà mí pọ̀ mọ́ ọn o," Bàbá Wenceslao ní. "Èmi wà lórí òrùlé. Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé mi ò sí lórí òrùlé?"

"Ẹ wà lórí òrùlé, Bàbá. Omi ni ò sí níbẹ̀."

"Ta ní mú mi gun òkè nígbà náà, ọ̀bọ?"

Ẹ̀rín bú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbà kí ẹja tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú ti ẹlòmíràn. Amparo jókòó sórí korobá ọ̀dà, ó gbá orí mú. Ìgbà náà ni Màmá Eduviges, tó ti ń ka ilẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ jẹ́jẹ́ láti àárọ̀, gbé ojú sókè.

"Ẹ jẹ́ ká fi ẹnu tiwa sílẹ̀. Ṣé Ìyá Màríà náà á parọ́?"

Gbogbo wọn yíjú sí i.

Ní El Sauz, kò sí ilé tí kò ní àwòrán Màríà Wúńdíá nínú yàrá iwájú, lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n máa ń gbé e kọ́ sísàlẹ̀, kí ọmọdé tó bá nàgà lè fẹnu kò ó lẹ́sẹ̀. Bí omi bá sì dé, a máa gbé ọmọ, a máa gbé àpò ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n a kì í yọ Ìyá Màríà kúrò lára ìṣó. Ẹni tó bá yọ ọ́ ti fi ilé lé omi lọ́wọ́. Yóò dúró síbẹ̀ kó dojú kọ omi. Nígbà tí omi bá lọ, a kì í nu àbàwọ́n tó fi sílẹ̀ lára àwòrán náà, torí ibi tó dé yẹn ni Ìyá ti sọ fún un pé, ó tó.

"Ògiri kan náà ni," Màmá Eduviges ní. "Ìyá wà nínú, ẹja wà níta. Kí ọmọ mi wọ̀n ọ́n láti ojú fèrèsé sí ibi àbàwọ́n, kó wá wọ̀n ọ́n bákan náà níta. Ẹni tó bá fẹ́ bá Ìyá jiyàn, kó jáde wá."

Ta ló máa jáde? Bàbá Wenceslao ṣí fìlà, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Amparo mú okùn, ó wọ ilé dé ilé. Lára àwòrán gbogbo ni àbàwọ́n wà, ìlà pupa rúsúrúsú kan lórí etí aṣọ Ìyá Màríà. Ilé Màmá Chona ló mú un rẹ́rìn-ín: ẹja àkọ́kọ́, èyí tó kọ́kọ́ yà kí ìdíje tó dé, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó wà.

Ṣùgbọ́n Màmá Leocadia ti wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Amparo kàn án, kò dáhùn. Màmá Chona ló wá ti Amparo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Leocadia! Ṣílẹ̀kùn, kí n tó wọlé gba fèrèsé, o mọ̀ pé mi ò ní gba ibẹ̀ jáde mọ́!"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́rẹ́ dún nínú ilé. Ilẹ̀kùn ṣí. Àbàwọ́n ilé Leocadia náà wà létí aṣọ Ìyá, kò ga, kò kéré. Leocadia ń fi aṣọ ìnuwọ́ yí ìka ká.

"Nígbà tí omi lọ," ó ní, "ọ̀dọ̀ ẹ ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ gbé oúnjẹ lọ, Chona. Torí pé o sunkún síta. Èmi ò sunkún. Kò sẹ́ni tó bi mí pé báwo ni tèmi ṣe rí. Mo ní kí ògiri bá mi sunkún díẹ̀."

Màmá Chona dúró. Ó wá dì mọ́ ọn.

"Èmi ìbá ti bi ẹ́. Mo rò pé o lágbára jù mí lọ ni. Láti ìgbà ọmọge wa ni mo ti ń rò bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú." Ó fi etí aṣọ nu ojú Leocadia, ó nu tirẹ̀. "Ó yá, wá. Omi kan náà ló fọ ẹsẹ̀ Ìyá wa. Jẹ́ ká lọ sọ ẹja ẹ kalẹ̀, ó ti ń gba atẹ́gùn jù."

Ọ̀sán ọjọ́ náà dùn. Gbogbo àdúgbò tú síta pẹ̀lú ẹfun àti búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń pa ẹja tó fò jù rẹ́, Amparo ń ya tuntun bọ̀ lẹ́yìn wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bàbá Wenceslao nìkan ló dúró níwájú ògiri rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn.

"Ya èkejì sísàlẹ̀, mo gbà, Ìyá ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní fi ẹfun pa èyí. Ó jọ mí."

Amparo wo ẹja náà, ó wo Bàbá. Ó gun òkè, ó ya àkọ́díọ̀nù sáàárín lẹ́bẹ́ méjèèjì, ó sì ya ìkán omi sábẹ́ ìrù rẹ̀. Ẹja ìsàlẹ̀ wà lójú omi. Tòkè ti bẹ́ jáde nínú omi lọ jó.

Ọjọ́ Àìkú, Ọ̀gbẹ́ni Tuttle dé pẹ̀lú fìlà funfun àti bàtà tó ń dán. Mísà ti jáde, ojú ọ̀nà kún. Màmá Chona fi tamale gbígbóná sí i lọ́wọ́ kó tó sọ̀rọ̀, Leocadia fi èkejì sí ọwọ́ kejì, ọkùnrin náà kò rí ọwọ́ bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó wo ẹja aláṣọ-ìdáná, ó rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹja oníbàtà, ó tún rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe o."

"A mọ̀ ọ́n, sà," Amparo ní. "Ẹ máa bọ̀ ná."

Ọkùnrin náà ń jẹ tamale bọ̀ títí méjèèjì fi tán. Amparo mú un rìn títí wọ́n fi dé ìkángun òpópónà, níbi tí ìyá rẹ̀ ti bi í ní ìbéèrè yẹn. Ó wá ní: "Ẹ yíjú padà, sà. Ẹ wo ibi tí ẹ ti wá."

Ọ̀gbẹ́ni Tuttle yíjú. Láti ilé àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ẹja tò tẹ̀ lé ẹja lójú ìlà kan ṣoṣo, gbọọrọ, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Kò sí èyí tó ga ju èkejì lọ. Abẹ́ ìlà yẹn ni ìloro wà, àga wà, ilẹ̀kùn wà títí dé àárín, àwọn ọmọdé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wà níbẹ̀ tòrí tòrí. Ọkùnrin náà wo ilé tó súnmọ́ ọn. Ó rọra lọ fara ti ògiri. Ẹja náà bá a ní àyà, níbi tí táì rẹ̀ ti ń dán nínú oòrùn. Ó wo ọmọbìnrin kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹja náà ga jù lọ fíìfíì. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ṣí fìlà.

"Ibí ni omi dé?"

"Ibẹ̀ ni, sà. Ìyá wa ló jẹ́rìí sí i," Màmá Eduviges dáhùn, ó sì mú un wọlé lọ wo àwòrán.

Nígbà tó jáde, ó fi fìlà rẹ̀ há abíyá. Ó wá nawọ́ sókè sí ilé Bàbá Wenceslao. "Ìyẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn ń jó ni," gbogbo àdúgbò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó yíjú sí Amparo. "Èyí kì í ṣe àwòrán. Ojú omi gan-an nìyí."

"Àwòrán ni, sà," Amparo ní. "Àwòrán ló ń jẹ́rìí yẹn."

Ọkùnrin náà mi orí. "Mo gbọ́. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ nìyẹn."

Bó sì ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n dìbò, gọ́tà wọlé. Bí ìròyìn náà ṣe dé, Bàbá Wenceslao tẹ àkọ́díọ̀nù títí ìka rẹ̀ fi wú, Chona àti Leocadia jó débi pé wọn ò mọ ẹni tó ṣáájú ẹni mọ́, ìyẹn sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀.

Wọ́n gbẹ́ gọ́tà náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí òjò ńlá padà dé, kò sẹ́ni tó gbé ìyẹ̀fun sókè. Gbogbo ará El Sauz gbé àga sí ìloro, wọ́n ń wòran omi bó ṣe ń sáré kọjá nínú gọ́tà, bí alágbàfọ̀ tó ti pẹ́ jù lọ́nà. Lára ògiri, níbi tí òjò ò dé, ẹja tò lọ rẹrẹ, gbígbẹ fúrúfúrú.

"Ẹ wo bí òùngbẹ ṣe ń gbẹ ọmọ mi," Bàbá Wenceslao kígbe láti ìloro rẹ̀. "Amparo, ẹja mi fẹ́ kú!"

Màmá Leocadia bu omi kún ife, ó dìde lórí àga, ó dà á sójú ẹja oníbàtà. "Mu, jàre. Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tó rí bàtà mi wọ̀."

Amparo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Nígbà tó wọlé lọ mú aṣọ ìnujú, ó bá ìyá rẹ̀ nínú yàrá iwájú, ó ń tan àbẹ́là níwájú Màríà Wúńdíá. Kò nu àbàwọ́n etí aṣọ náà. Ó kàn fi ìka kàn án jẹ́jẹ́.

"Ìyá," Màmá Eduviges ń sọ, "ẹ ti dúró pẹ́. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jókòó."